Orúkọ Tí Lettice Dá Lórí Ìkúnlẹ̀

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, nítorí n kò ní pariwo. Ikú ti jókòó tì mí, ẹ̀yin náà sì mọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń fi ṣíbí bu omi ọbẹ̀ sí mi lẹ́nu bí ọmọ tí kò tíì hu eyín. Ẹ gbé abọ́ yẹn kúrò. Kí ẹni tí yóò jí lọ́la mu ún. Ẹ má fi oúnjẹ ṣòfò. Òótọ́ kan wà nínú mi tí kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀. N kò pè yín wá sunkún. Mo pè yín kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí ẹ ti ń pè ní Ìyá láti ọdún pípẹ́ wá.

Èmi Thomasin Rudge, agbẹ̀bí, bí ìwọ̀fà ni mo ṣe dé ilẹ̀ Maryland yìí, bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Olóko kan san owó ọkọ̀ ojú omi fún mi, mo sì sìn ín nínú oko tábà títí ìsìn mi fi pé. N kò jí ẹyin, n kò sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí mo gba òmìnira ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra àwọn tó kù lẹ́yìn. Mo ní ọ̀lẹ ni gbogbo wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ìdè ló máa ń kọ́kọ́ gbàgbé bí ìdè ṣe ń dun ni.

Lettice Fenn wà lára àwọn tí mo kórìíra. Ìwọ̀fà ni lóko Giles Marbury, ẹlẹ́rìn-ín sì ni. Kò ṣẹ̀ mí. Ó kàn pè mí ní Ìyá Ojú-Kíkan nígbà kan níbi tí wọ́n ti ń gún àgbàdo, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín. Barnaby Tuck ló rẹ́rìn-ín jù. Ìwọ̀fà Marbury ni òun náà, òun àti Lettice sì ti fẹnu kò pé àwọn yóò fẹ́ra bí àwọn bá ti dòmìnira. Ìkórè kan péré ló kù fún Barnaby, ó sì ti ń wo ilẹ̀ kan lókè odò tí yóò kọ́ ilé sí.

Ìgbà náà ni Lettice lóyún. Ẹ mọ òfin. Ìwọ̀fà obìnrin tó bá bímọ láìlọ́kọ, wọn yóò fi kún ìsìn rẹ̀. Ọkùnrin tó fún un lóyún yóò jẹ pàṣán. Bí òun náà bá jẹ́ ìwọ̀fà, yóò fi ìsìn san ìdajì òfò ọ̀gá. Agbẹ̀bí ni yóò sì béèrè orúkọ bàbá, nígbà tí ìrọbí bá mú obìnrin náà dójú ẹ̀. Bí kò bá dárúkọ, agbẹ̀bí kò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn adájọ́ gbà pé ẹni tí ikú ń wò lójú kò lè purọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe kọ́ àwọn kan nínú yín.

Àsìkò gígé tábà ló bọ́ sí. Gbogbo obìnrin tó yẹ kó dúró tì wá ni Marbury ti kó lọ sóko, ó ní òtútù fẹ́ ba ewé òun jẹ́. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú Lettice nínú àká. Mo béèrè, ó sì dáhùn: "Ọ̀gá ni, Ìyá. Ilé tí wọ́n ń sá tábà sí ló ti ká mi mọ́."

Kò yà mí lẹ́nu. Bí mo ṣe ń wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Marbury ti dá mi dúró lẹ́nu géètì. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó béèrè àlàáfíà baálé mi, ó bi mí bóyá ilẹ̀ òun tí a fi ń dáko tẹ́ wa lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Thomasin, ìwọ àti ọkọ rẹ lè máa gbé ibẹ̀ títí ẹ ó fi kú. Barnaby ni ọmọbìnrin yẹn máa dárúkọ. Ṣé o gbọ́ mi?" Mo ní mo gbọ́, ọ̀gá.

Nílé ẹjọ́, mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo búra pé Barnaby Tuck ni Lettice dárúkọ. Lettice dìde, ara rẹ̀ kò tíì le, ó ní irọ́ ni mo pa. Adájọ́ ní kó jókòó, ó ní ẹnu tó fi sọ̀rọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ni àwọn gbà gbọ́, kì í ṣe èyí tó gbé wá síwájú àwọn. Ọwọ́ èmi nìkan tó gbọ́ ọ sì ni ẹnu náà wà. Barnaby kò bú mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Ìyá Thomasin, ṣé mo ti ṣe yín ní nǹkan kan rí?" Mo yí ojú sí fèrèsé. Wọ́n nà án, wọ́n sì fi kún ìsìn rẹ̀ fún Marbury. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni wọ́n san òfò fún. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni ibà pa Barnaby láàárín ebè tábà, ìwọ̀fà síbẹ̀. Ẹlòmíràn ló kọ́lé sórí ilẹ̀ tó ń wò yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin tó fara ti òpó ẹnu ọ̀nà yẹn. Lettice nìyẹn. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ó wá, kò sì wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tó wí nísinsìnyí: "Sọ ti ọmọ mi." Kò pè mí ní Ìyá, kò sì bá mi sọ ẹ̀yin. Ó tọ́.

Ọmọ náà dábùú nínú rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Mo ti yí ọmọ àwọn kan nínú yín. Lettice ti dárúkọ tí òfin ní kó dá, ọwọ́ mi ló yẹ kó kàn. Mo ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ aṣọ mi. Mo ní, "Sọ pé Barnaby ni, màá sì ràn ọ́ lọ́wọ́." Ó ní, "Ìyá, mo ti sọ ọ́ fún yín." Mo ní kó tún un sọ. Ó ń fi eyín gé koríko tó sùn lé, ó ń bẹ̀ mí pé kí n gba ọmọ náà ná, kí n wá padà pa òun. N kò mira. Mo fẹ́ kí irọ́ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí ìbúra tèmi lè mọ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Nítorí kí n má baà búra èké ni mo ṣe jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú, nígbẹ̀yìn mo sì tún búra èké náà. Lettice kò pa irọ́ yẹn. Nígbà tí mo wá fọwọ́ kan ọmọ náà, okùn ìwọ́ rẹ̀ kò lù mọ́. Obìnrin ni. Mo sọ fún gbogbo yín pé inú ìyá rẹ̀ ló ti kú kí n tó dé.

Lettice, mo jẹ̀bi rẹ. Dárí jì mí.

Ó ní, "O fẹ́ kí n jẹ́ kó rọrùn fún ọ láti kú. Mi ò ṣe."

Ẹ má bá a wí. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Hester Blount, gbójú sókè. Ìwọ ni mo kọ́ níṣẹ́ yìí kẹ́yìn, ìwọ ni wọn yóò sì pè. Marbury ti di adájọ́ báyìí, ìwọ̀fà ilé rẹ̀ kan sì tún ti lóyún tó sún mọ́ ìbí. Ìdí tí n kò fi lè dákẹ́ kú nìyẹn. Láti ìjẹta ni mo ti ń gbọ́ igbe màlúù lẹ́yìnkùlé rẹ. O kò ní màlúù rí. O ní nítorí wàrà àwọn ọmọ lo ṣe gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òrùlé lórí baálé mi ni tèmi náà. Nígbà tí o bá ń lọ sọ́dọ̀ aboyún yẹn, kó àwọn obìnrin dání, kí wọ́n jókòó kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́. Bí tábà bá fẹ́ bàjẹ́ lóko, kó bàjẹ́. Gba ọmọ ná kí o tó gba orúkọ. N kò ní ṣépè fún ọ bí o bá ṣe bí mo ṣe ṣe. Ta ni èmi?

Dìde, Hester. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Lọ tú màlúù náà, kí o fà á gba àárín ìlú kọjá padà sílé Marbury, kí gbogbo ènìyàn rí ọ. Má dúró dè mí kí n kú.