Ọkọ Bísí Ló Ń Jìyà Ọ̀rọ̀ Tí Èmi Sọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, èmi fúnra mi ni mo sì ń bínú sí jù. Mo kàwé ní yunifásítì lórí bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú nímọ̀ràn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ẹgbẹ́dá nìyẹn. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́, torí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bísí. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ìbànújẹ́ dé bá a. Ó sọ fún mi pé tí ọmọ bá ń ké, ó máa ń ṣe òun bíi kí òun jáde nílé kí òun má padà mọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Èmi àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún.

Ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá wá bá mi lọ́fíìsì. Mo ní mi ò lè sọ ohun tí a bá fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìyá àgbà kúnlẹ̀. "Ọmọ mi, mo fi ọmú ìyá rẹ bẹ̀ ọ́, kí ló ń ṣe ìyàwó wa?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe tí ẹni tó lè bí ìyá mi bá kúnlẹ̀ fún mi. Èmi náà kúnlẹ̀, mo ń pariwo, "Ẹ dìde, mà, ẹ dìde!" Kó lè dìde ni mo ṣe sọ gbogbo rẹ̀. Ó wúre fún mi, ó lọ.

Ìyá àgbà gba ọmọ náà lọ́wọ́ Bísí, ó gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bísí ní ọkọ òun ló tú àṣírí. Ọkùnrin náà búra títí, kò gbà, ó kó lọ sí Ìdímù. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo dákẹ́. Èyí ló burú jù. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, òótọ́ ni. Ta ló wá kúnlẹ̀ fún mi ní gbogbo ọdún tí mo fi dákẹ́?

Ṣùgbọ́n ara Bísí ti yá. Ó ti gba ọmọ rẹ̀ padà. Ẹ̀rín ló bá wọlé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ bò mí láṣìírí. Àwọn abiyamọ tó ń sunkún bíi tèmi pọ̀ ládùúgbò wa, mo fẹ́ máa mú wọn wá bá yín. Ọkọ mi ṣá ni mi ò lè dárí jì. Olófòófó ni jàre!"

Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pé ẹni tó bá ti lè sọ ohun tó ń dùn ún ti ń gbádùn bọ̀. Èmi náà fẹ́ gbádùn. Mo ti ránṣẹ́ pè é, ó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, màá sì sọ ọ́. Ìyẹn ò sí lára ohun tí mò ń béèrè. Ṣé kí ọkọ rẹ̀ jókòó níbẹ̀, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ pé òun ò jẹ̀bi? Àbí kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Bísí nìkan, kó lè ráyè bú mi tẹ́rùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin abiyamọ, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, báwo lẹ ṣe máa fẹ́ gbọ́ ọ?