Olúwa La Ẹnu Mi Nídìí Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Ń Jó Irin

Ẹ bá mi ké "Olúwa ṣeun" lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀yin ará, nítorí ohùn tèmi kì í lọ sókè. Olúwa ṣeun. Olúwa ṣeun. Olúwa ṣeun.

Èmi nìkan ni obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní ṣọ́ọ̀bù Baba Dúpẹ́, níbí ní Ìlá. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n gba fírídọ̀ọ̀mù, ọ̀kadà gbé mi ṣubú lọ́nà Ọ̀tan. Dókítà ní, "Egungun ti jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yìí á máa gbọ̀n."

Wẹ́dà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí ló fẹ́ jó?

Ọ̀gá mi ní, "Ọmọ mi, lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ."

Ẹnì kan láàárín àwọn ọmọṣẹ́ dáhùn pé, "Ọ̀gá, ṣé ọwọ́ yìí ló máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi wà lóko ní Ìrèsì. Mo ránṣẹ́ sí wọn pé àlàáfíà ni mo wà.

Síbẹ̀ mi ò fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọlọ́run fi ọgbọ́n kan sí mi nínú. Mo tú mọ́tò wáípà mẹ́rin, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ohun tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ nígbà òjò, lára àwọn ọkọ̀ tó ti kú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo dè wọ́n mọ́ férémù irin lórí tábìlì, kí wọ́n máa gbé iná wẹ́dà lọ sọ́tùn-ún, sósì, síwájú, sẹ́yìn, sókè, sísàlẹ̀, kó sì lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pá kékeré méjì tí wọ́n fi ń ta géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ń darí wọn. Bí mo bá ti ti ọ̀pá náà, mọ́tò á máa lọ jẹ́jẹ́. Kò bìkítà bóyá ọwọ́ ń gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tan iná wẹ́dà báyìí, mọ́tò á jóná. Ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Mo ń tú òmíràn fi rọ́pò wọn. Mo gbààwẹ̀. Bí àwọn yòókù bá lọ jẹun lọ́sàn-án, èmi á jókòó ti ẹ̀rọ náà, mi ò rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́. Mo rò pé Ọlọ́run gan-an ló ní kí n lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ó ti sú mi." Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Bí mo ṣe dìde, ọ̀gá ń kọjá lọ, ẹnu mi sì là.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń jó mọ́tò mi?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí. "Wáyà tí iná ń gbà padà, ibo lo so ó mọ́?"

"Ẹsẹ̀ tábìlì, sà. Bí ẹ ṣe kọ́ wa."

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, wáyà yẹn kì í kúrò lẹ́sẹ̀ tábìlì láti ọdún dé ọdún.

Ọ̀gá ní, "Èmi ni mo kọ́ ẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tábìlì tèmi ò ní mọ́tò lórí. Inú mọ́tò rẹ ni iná ń gbà kọjá. So wáyà mọ́ irin tó ò ń jó gan-an, kó o sì fi pákó tẹ́ abẹ́ irin náà, kí iná má bàa dé tábìlì." Wọ́n wá wò mí. "Ó tó oṣù mélòó tó o ti ń bá a yí?"

"Mẹ́rin, sà."

"Èmi sì wà níbí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tú wáyà náà kúrò lẹ́sẹ̀ tábìlì.

Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mo jó ojú ìsopọ̀ géètì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mọ́tò kankan ò jóná. Ọ̀gá gbá èépá tó bo ojú ibi tí mo jó kúrò, wọ́n fi ìka tọ ibẹ̀. Wọ́n ní, "Ránṣẹ́ sí ìyá rẹ kí wọ́n wá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ."

Mo dúpẹ́, Olúwa. Mo tún dúpẹ́. Mo ṣì máa ń dá rìn lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́, mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ò ń dá ìṣòro gbé, tó o rò pé ọ̀run ti dákẹ́, ó lè jẹ́ ẹni tó ò ń bẹ̀rù ni Ọlọ́run fi ìdáhùn sí lẹ́nu. Bi í léèrè.