Èmi Ni Mo Sọ Pé Ọ̀kadà Ló Gbé Ọ Ṣubú

Hidayah ọmọ mi, ti ilẹ̀kùn, kí o jókòó. Jubril, jókòó ti ìyàwó rẹ. Mùbàṣírù, gbé abọ́ omi yẹn kalẹ̀. Ìwẹ̀ lè dúró, ohun tí mo fẹ́ sọ ni kò lè dúró mọ́. Dókítà ti sọ tiẹ̀, ara mi náà sì ti sọ fún mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, ẹnu mi wúwo. Bí mo bá tún gbé e mì, inú sàréè ni màá gbé e dé, mi ò sì mọ ohun tí èmi Fàtáì máa wí fún Ọlọ́run níbẹ̀. Ẹ má dá sí i títí màá fi parí. Mo mọ ara mi, bí ẹ bá dá sí i, màá yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Mùbàṣírù, nígbà tí àbúrò mi Àbíkẹ́, ìyá rẹ, kú, inú ilé yìí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti tọ́ ọ dàgbà. Sọ́mìlì ni mo ti ń la pákó títí o fi kọ́ṣẹ́ títún ọ̀kadà ṣe, tí o ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Àgọ́-Ìwòyè, tí o fẹ́ Muslimah, ọmọ Ibiade. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé ọ̀kadà olè wá fún ọ tún ṣe, ó sá lọ, ìwọ tí o ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́wọ́ ni ọlọ́pàá bá. Wọ́n lù ọ́ ní àgọ́ wọn títí o fi fọwọ́ sí i pé o wà nínú àwọn tó jí i. Ajíbádé ló ṣáájú àwọn tó lù ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, Jubril. Má wo ilẹ̀, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí.

Ọjọ́ tí a gba béélì rẹ, èmi ni mo bọ́ ẹ̀wù lára rẹ. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn, kò ṣí àfi ìgbà tí mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín. Mo rí ojú kòbókò. Mo rí ọrùn ọwọ́ rẹ níbi tí wọ́n ti so ọ́ rọ̀. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń fi tówẹ̀lì tẹ̀ ọ́ lára. Ẹ fi èyí sọ́kàn, gbogbo yín: mo rí i, ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi.

Lọ́yà wa, Olúbùsọ́lá, kọ ẹ̀sùn Ajíbádé ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí a bá fi kan ọlọ́pàá ní Abẹ́òkúta. Ó jókòó sí pálọ̀ yìí, ó là á yé mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀sùn tí a fi kan ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ẹjọ́ tó wà ní kóòtù. Bí wọ́n tilẹ̀ jẹ ọlọ́pàá náà níyà, ìyẹn nìkan ò pa ẹjọ́ Mùbàṣírù. Bí a bá sì jáwọ́ nínú ẹ̀sùn, kò ní kí ìjọba jáwọ́ nínú ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sọ lọ́hùn-ún, wọ́n lè gbé e wá bá wa ní kóòtù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn sọ nǹkan kan lẹ́yìn mi." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, ìdajì ni mo gbọ́. Ọmọ tí mo lè bí ló ń kọ́ mi lọ́gbọ́n nínú ilé mi, ìgbéraga ò jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn ẹbí Jubril dé. Nikkai Hidayah ti kù fẹ́ẹ́rẹ́, a ti gba ẹrù ìdáná lọ́wọ́ wọn. Ajíbádé kò wọ aṣọ iṣẹ́, agbádá ló wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá wọn ní, "Fàtáì, a ti di ẹbí. Báwo la ó ṣe jókòó síbi nikkai kan náà, kí ẹ̀sùn wà láàárín wa?" Ajíbádé fúnra rẹ̀ ní, "Bàbá mi, ẹ ṣáà sọ pé ọ̀kadà ló gbé e ṣubú. Ẹ̀sùn á kú, ẹjọ́ kóòtù náà á rọra kú tẹ̀ lé e." Mo gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láàárín àna: bí ẹni tó ṣẹ̀ bá ti dọ̀bálẹ̀, tí àgbà ní ó tó, ìjà ti parí. Mo gbàgbé pé ìjọba tó pe Mùbàṣírù lẹ́jọ́ kò sí lórí kápẹ́ẹ̀tì wa.

Mo wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo fi Ọlọ́run búra fún òṣìṣẹ́ tó gbà mí pé ọ̀kadà ló gbé ọmọ mi ṣubú, pé inú ló ń bí i tó fi fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ mi. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ lọ́yà tu ara mi nínú: ṣebí ó ní méjèèjì yàtọ̀? Irọ́ tí mo pa lọ́hùn-ún kò ní dé kóòtù. A ṣe nikkai, Ajíbádé jẹun, èmi náà jẹun.

Irọ́ náà dé kóòtù. Ọjọ́ tí o ń sọ fún adájọ́ pé lílù ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ní ẹnì kan láti inú ilé rẹ ti lọ jẹ́rìí pé ọ̀kadà ló gbé ọ ṣubú. Olúbùsọ́lá yíjú sẹ́yìn, ó wo gbogbo wa. Fáànù òkè ni mò ń wò. Ká ní mo dìde, ká ní mo sọ ohun tí tówẹ̀lì mi tẹ̀, bóyá adájọ́ ì bá gbọ́. Mi ò dìde. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ló rán ọ lọ.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Mo wá wò ọ́ lẹ́wọ̀n, o ti rù. O ní, "Bàbá, ta ló ṣe mí báyìí? Nínú ilé, èmi, ẹ̀yin àti Muslimah nìkan la mọ̀ nípa ẹ̀sùn yẹn." Ó yẹ kí n wólẹ̀ níbẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, obìnrin ṣòro." Gbólóhùn kan yẹn náà ni. O bo ojú rẹ. Kò pẹ́ tí o fi ránṣẹ́ kọ Muslimah sílẹ̀. Muslimah wá kúnlẹ̀ níwájú mi tòun ti oyún. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí. Mé è mọ ọ̀nà Abẹ́òkúta rí." Èmi tí mo mọ ọ̀nà rẹ̀, èmi ni mo gbé àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀ Ibiade. Mo tún ṣàdúrà fún un.

Ọkùnrin ló bí, Khalilullah lorúkọ rẹ̀. Mo ti lọ yọjú wò ó ní Ibiade láìjẹ́ kí wọ́n rí mi. Ó ń tú kẹ̀kẹ́ kan tó bàjẹ́, ó yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe.

Hidayah, pe Lọ́yà Olúbùsọ́lá, kó wá gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi nígbà tí ohùn ṣì wà. Mùbàṣírù, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Lọ sí Ibiade ná, Muslimah ni kí o kọ́kọ́ bẹ̀. Mo ti sọ fún lèmọ́ọ̀mù pé ìwọ ni kó wẹ òkú mi. Bí o bá dé, tí ọwọ́ rẹ kọ ara mi, kí ẹlòmíràn wẹ̀ ẹ́, mi ò ní bínú. Omi yẹn ti tutù. Fi sílẹ̀, máa lọ.