Kúrókọ́sì Tí Averil Fi Ránṣẹ́ Láti Orí Òkè

Alága ìjókòó yìí, Màmá Lavinia Charlton, ẹni tó kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́ nínú ọgbà Thornhope. Àlùfáà ìjọ wa. Ẹ̀yin àgbààgbà ẹgbẹ́ olólùfẹ́ òdòdó. Ẹ̀yin tí ẹ la yìnyín kọjá lórí òkè kí ẹ tó dé gbọ̀ngàn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ se kéèkì, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn wá jẹ ẹ́: mo kí olúkúlùkù bí ipò rẹ̀ ti rí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú òtútù. Mo dìde láti dágbére fún yín.

Bí eré bí eré, àlàbọrùn di ẹ̀wù. Ìgbà òtútù kan péré ni mo ní mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ níbí, nígbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ pa. Ọ̀dọ́ ni mí, n kò mọ ohun ọ̀gbìn kan ju ànàmọ́ ẹ̀yìnkùlé wa lọ. Màmá Lavinia mú mi wọ ilé onígíláàsì. Omi ẹ̀rọ ti dì gbagidi lóde, ẹyẹ kò dún, síbẹ̀ òdòdó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúrókọ́sì jókòó sínú ìkòkò, ó ya ẹnu sí oòrùn bí ọmọ ẹyẹ tí ń retí oúnjẹ. Mo ní, "Màmá, ta ló ní kí èyí yọ nírú àkókò yìí?" Wọ́n ní, "Ambrose, kò bi ẹnikẹ́ni." Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ yìí gbé mi dè, kò sì tú mi sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má gba àwọ̀ gbọ́. "Àwọ̀ a máa purọ́," bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí. "Wo ọ̀fun rẹ̀. Wo àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ru lẹ́búlẹ́bú láàárín rẹ̀. Mẹ́ta ni, bó bá jẹ́ mẹ́fà, kúrókọ́sì kọ́ nìyẹn. Bó bá ṣì ń rú ẹ lójú, wú u, kí o wo aṣọ tí iṣu rẹ̀ wọ̀." Ẹ fi hàn mí pé aṣọ òmíràn rí bí àwọ̀n, tòmíràn fúyẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tòmíràn sì le, ó ń dán bí èèpo ẹyin. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ọwọ́ yín ni mo ti gbà á.

Àti ìwọ, Cuthbert Rudd, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ẹ wò ó, ó ti ń pọ́n létí! Ọkùnrin yìí ló ń fi wáyà bo ìkòkò kí eku má baà kó wa nífà, òun ló ń gbá yìnyín kúrò lórí gíláàsì kí n tó dé. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá ní àbúrò tí ìyá mi kò bí, òun ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Averil.

Àwọn àgbà inú yín mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan ṣoṣo tí èmi àti Hilda, aya mi, bí ni. Nínú ilé onígíláàsì yìí ló ti kọ́ ìrìn. Nígbà tó dàgbà, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ilẹ̀ Gíríìsì, ó sì ń gun òkè ibẹ̀ kiri bí ewúrẹ́. Ní ọjọ́ kan, ó pè wá lórí tẹlifóònù, ó ń mí hẹlẹ.

"Bàbá mi, mo ti rí i! Kúrókọ́sì tó ń tanná nígbà Kérésìmesì. Ó funfun, ó ní ìlà àlùkò lẹ́yìn bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ọ̀fun rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì funfun. Òórùn rẹ̀, háà, bí oyin!"

Mo ní, "Ṣé o wo aṣọ iṣu rẹ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá yìí náà! Ẹ kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun. N óò padà wá ká èso rẹ̀ fún yín bó bá gbó."

Ó ká a lóòótọ́. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọkọ̀ tó wọ̀ já bọ́ láti ojú ọ̀nà òkè. A ti sin ín tán nínú ọgbà ìjọ wa kí ìdì kékeré tó fi ránṣẹ́ tó dé. Páálí tíì àtijọ́ ni, èso kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Hilda di páálí náà mú, kò jẹ́ kí n gbà á. Kí ni a ó pe òbí tí ọmọ rẹ̀ kú? Láti ọjọ́ náà, àwọn aládùúgbò kò pè mí ní Bàbá Averil mọ́, nítorí àánú ni. Hilda nìkan ni kò jáwọ́. Ó ní òun kò lè gba orúkọ náà lẹ́nu ara òun.

A gbin èso náà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá gbin kúrókọ́sì láti èso kì í kánjú. Ọdún á yí lu ọdún, koríko tín-ín-rín ni wàá máa rí. Hilda, tí kò bìkítà fún òdòdó tẹ́lẹ̀, wá ń gbé àga lọ síbẹ̀, á máa hun aṣọ òtútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà.

Ní oṣù Fẹ́búárì kan, òdòdó yọ nínú rẹ̀. Hilda ké, "Ẹ wá wò ó o! Averil ti dé!" Gbogbo yín wá. Ẹlòmíràn sunkún, ẹlòmíràn gbé kéèkì wá. Èmi náà wò ó. Ó ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, ó funfun, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ. Kúrókọ́sì tó ń hù fúnra rẹ̀ káàkiri abẹ́ igi ọgbà wa ni, tí a ń wú dànù bí èpò. Èso rẹ̀ ló ta sínú ìkòkò ọmọ mi. Cuthbert náà ti mọ̀; ó wò mí, ó sì wo ilẹ̀.

Hilda dá mi dúró nígbà tí ẹ lọ tán. "Bàbá Averil, ojú rẹ kò dùn. Òun ni àbí òun kọ́?"

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Ẹ dáhùn nínú ọkàn yín. Mo ní, "Hilda, òun kọ́."

Kò sunkún. Ó ká aṣọ tó ń hun, ó gbé àga rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì wọ ilé onígíláàsì náà mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan nínú yín sọ ọ́ sí mi létí pé kí ló dé tí n kò pa ẹnu mọ́. N kò bínú. Èmi náà bi ara mi léèrè ohun kan náà. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fún mu gan-an ló dùn mí.

Nígbà tó yá, a ń mu tíì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Hilda sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè. "Ká ní o purọ́ fún mi, mo máa mọ̀. Ta ni n bá wá máa gbà gbọ́ nínú ilé yìí?" Ó gbé ife kalẹ̀. "Àwọn ewé wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ìkòkò yẹn ńkọ́? O ò sọ nǹkan kan nípa wọn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mò ń pera mi ní ọ̀gá, koríko ni mo pè wọ́n! Mo sáré padà, mo fi ìka wa ẹ̀bá ìkòkò. Iṣu kan yọ, kò ju ẹ̀wà lọ. Aṣọ rẹ̀ le, ó ń dán bí èèpo ẹyin, aṣọ tí irú èyí tí Averil rí lórí òkè máa ń wọ̀. Nígbà tí mo sọ fún Hilda, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. "Ọmọ ẹni tó lọ́ra ni," ó ní, "bí bàbá rẹ̀." Ó tún gbé àga rẹ̀ padà.

Ó wù mí kí ìtàn náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà Hilda kò lágbára mọ́, ikọ́ sì mú un bí ewé ti ń wọ́ sílẹ̀. Kò rí Kérésìmesì. A tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì gan-an ni Cuthbert wá kan ilẹ̀kùn mi. "Ẹ wọ bàtà yín, Bàbá."

"Fi mí sílẹ̀, Cuthbert."

"N kò ní fi yín sílẹ̀. Ẹ wọ bàtà, àbí kí n gbé yín bí àpò ànàmọ́?"

Bí a ti ṣí ilẹ̀kùn ilé onígíláàsì, oòrùn ti wọlé ṣáájú wa. Kí n tó rí nǹkan kan ni òórùn oyin ti bá mi. Cuthbert ní, "Ẹ wò ó dáadáa o, kí ẹ má tún lọ sọ pé òun kọ́." Mo wò ó bí Màmá Lavinia ti kọ́ mi. Mo wo ọ̀fun, ó pọ́n. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ìyẹ́ ẹyẹ. Mo wo lẹ́búlẹ́bú, funfun báláú. Mo ní, "Òun ni." Mo yíjú láti sọ fún Hilda.

Mo lọ sí ọgbà ìjọ. Yìnyín ti bo gbogbo òkúta ibẹ̀ dọ́gba, n kò mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Mo dúró lẹ́bàá ògiri, mo sọ ọ́ sókè kí ẹni tó bá ni ín lè gbọ́.

Àwọn kan ní kí a fi orúkọ Averil pe òdòdó náà. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ̀. Ó ti lórúkọ lórí òkè kí wọ́n tó bí ọmọ mi. Averil fúnra rẹ̀ ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ojú mi ti ń bàìbàì báyìí. N kò lè ya funfun sọ́tọ̀ kúrò lára pupa rẹ́súrẹ́sú mọ́, ẹni tí kò bá sì lè yà á kò yẹ kó máa fún òdòdó lórúkọ. Bí mo bá ti jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín nítorí omi àbùjù, ẹ forí jì mí. Mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin létí òkun. Yàrá rẹ̀ móoru, kúrókọ́sì kò lè gbé ibẹ̀, nítorí náà ìkòkò náà ń bẹ lọ́dọ̀ yín. Cuthbert, ìwọ lo ni ín báyìí.

Kí Ọlọ́run pa ilé yín mọ́. Kí òtútù ọdún yìí má mú ẹnikẹ́ni lọ nínú wa. Ẹni tí ń retí, kí ohun tó ń retí bá a láyé, kó sì bá ẹni tí yóò bá a yọ̀ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ, kí Ó fún yín ní ẹni tí yóò máa pe orúkọ náà.

Ó tó. Oòrùn ti yọ lójú fèrèsé, ẹ sì mọ̀ pé kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Bó bá ti wọ̀, àwọn kúrókọ́sì á panu dé. Ẹ fi tíì yẹn sílẹ̀, ẹ lọ wò wọ́n. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tèmi.