Ringgi Kò Rí Màlúù Dà Mọ́

Regula, ọmọ ìyá mi, gbà mí o! Má dúró lẹ́nu ọ̀nà, jókòó, ohun tí Balz, ọmọ tí mo fi ọmú mi bọ́, ṣe fún mi, ọ̀tá kì í ṣe é fún ọ̀tá! Mo lọ tún egungun ìbàdí ṣe nílé ìwòsàn ní Luzern, mo ní kó bá mi ṣọ́ ilé, kí n tó dé ó ti ta gbogbo màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀! Ó ní mo ti dàgbà. Ta ló bi í? Ó tún wá gbé Ringgi lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Zürich, sínú yàrá méjì lórí àjà kẹrin. Ajá adamàlúù! Ajá Entlebuch pọ́ńbélé, irú tó kù díẹ̀ kó tán láyé!

Ẹ̀n? Pé ó fẹ́ràn ajá ni? Ta ló ń fẹ́ràn ẹja tó ń gbé e sórí igi? Ìwọ náà ṣáà mọ̀ wọ́n, àárín wọn la dàgbà sí. Irun wọn ò ní wàhálà, fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó parí. Má jẹ́ kí wọ́n sanra jù, torí ìbàdí wọn tó máa ń tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́! Bí o kò bá fún un níṣẹ́, á wáṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tó sì ṣe nìyẹn. Ó ń da àwọn ọmọ alájọgbé lórí àtẹ̀gùn, ó ń já wọn ní gìgísẹ̀ bíi màlúù tó ṣìnà, ó kó wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó wá dúró tì wọ́n, ó ń retí kí ẹnì kan yìn ín. Wọ́n fi awọ dè é lẹ́nu pa! Balz wá pè mí: "Màmá, ajá yín ti ya wèrè, ẹ wá mú un." Mo fi Màríà búra, orí tó dàrú níbẹ̀ kì í ṣe ti ajá!

Mo mú un wálé, àbí kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, eré ló sá wọ ilé màlúù. Ó fimú kan ibùjẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jáde, ó gun pápá dé orí òkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Regula, ó wò mí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó wọn pamọ́! Àtìgbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ilé màlúù ló ń sùn, mo fi wàràkàṣì lọ̀ ọ́, ó yíjú. Dókítà ẹran ní òun ò rí àrùn kankan. Mo ní mo mọ̀, sà, ṣé ẹ ní oògùn ìbànújẹ́ ni?

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ò tó nǹkan. Yá mi ní màlúù kan. Ì báà jẹ́ arúgbó tí ò ní wàrà mọ́. Kí Ringgi ṣáà dà á wálé lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó kú. Kilian ọkọ rẹ ò ní kọ̀, mo mọ̀ ọ́n...

Kí lo ń wò nílẹ̀? Regula, mo ní kí lo ń wò nílẹ̀?

Yéè! Ẹ̀yin náà ti ta màlúù yín? Gbogbo wọn? Kò ku ẹyọ kan? Háà! Háà-ha-ha! Ẹ wá wò mí o, mò ń rẹ́rìn-ín!

Dìde. Ringgi nìyẹn níta, ó ti ń wo gìgísẹ̀ rẹ láti ìgbà tó o ti dé. Ìwọ ni kó o lọ sọ fún un. Ẹnu mi ò gbà á.