Èyí Tó Bá Jóná Nìkan Ni Tiwa

Mi ò rántí òògùn tí mo lọ gbà ní ọsibítù yẹn ní Ìkòròdú mọ́, àmọ́ mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà kan bá ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbọ́mọ lẹ́sẹ̀ sọ lórí bẹ́ǹṣì níwájú mi.

"Ṣebí wọ́n ti ní kí ẹ máa lọ sílé?"

"Ara rẹ̀ ti yá nígbà yẹn, mà. Wọ́n ń fún un lẹ́yin àti ẹ̀wà ní wọ́ọ̀dù, gbogbo ara tó wú sì lọ sílẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá fún un mú relé?"

"Òògùn ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kí n máa fún un lẹ́ja."

"Ìyẹn nìkan? Ìwọ tó ò ń yan ẹja ní Ìpakòdò!"

"Ẹja ẹlẹ́ja ni mò ń yan, mà. Èyí tó bá jóná nìkan ni tiwa."

"O ò sọ fún wọn?"

"Mo sọ. Wọ́n ní oúnjẹ wọ́ọ̀dù kì í jáde ní géètì. Wọ́n ní tó bá tún wú, kí n gbé e padà wá."

"Háà! Ṣé dandan ni kọ́mọ kọ́kọ́ wú kó tó jẹun ni?"

"Òun gan-an ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà. Nígbà tí mò ń wẹ̀ fún un lánàá, tí mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹkún ni mo bú sí. Ẹ̀rín lòun ń rín. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹsẹ̀ mi ti wú! Ṣé a tún máa lọ jẹ ẹyin?'"