Mo Ti Tì Í

Ẹ wọlé, bàbá mẹkáníìkì, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ o, ẹ má tẹ nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló ti di ìsọ̀ yín láàárọ̀ yìí! Ẹ ò rí ayé mi? Ìdánwò tí wọ́n fẹ́ fi yan olórí àwa agbẹ̀bí, ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró dè é, aago mẹ́wàá la ó wọlé, ẹni bá pẹ́ kó máa lọ sílé. Mo gun alùpùpù, mo ta á nípàá, ó dún, mi ò tíì dé ẹnu géètì, ó kú! Kò wúkọ́, kò sín.

Kí n kàn ránṣẹ́ pè yín, ọkọ mi ò gbà. Káfíńtà ṣáà ni, ẹ mọ̀ ọ́n! Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń yí i po bíi dókítà, ó ní púlọ́ọ̀gì ni. Ó tú u, ó fi sáńpépà ha á, bẹ́ẹ̀ ni, sáńpépà tó fi ń dán ẹsẹ̀ àga! Ó dá a padà, òfo. Ló bá ní ṣéènì ni. Ṣéènì kẹ̀! Ẹ gbà mí o, ẹni tí kò lè mí, ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ ó máa tọ́jú? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, inú bí i, ó tú ìbòrí ṣéènì sílẹ̀.

Ìyẹn náà ò tó, ó ní kí n máa tì í. Èmi! Tèmi taṣọ ìdánwò! Òun jókòó sórí ẹ̀ bí ọba, mo tì í dé ìdí òpó iná, mo tì í padà, ìyàwó bíríkìlà ilé kejì ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi tí mò ń gbẹ̀bí, èmi ni mò ń rọbí lójú títì! Ó sì láyà, ó ní mi ò tì í dáadáa. Ó ti lọ yá sípánà báyìí, ni mo bá yára ránṣẹ́ pè yín.

Ẹ̀n? Ta ló gùn ún kẹ́yìn? Èmi ni, lánàá, kò ṣe nǹkan kan. Mo gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò. Ọkọ mi pariwo láti yàrá pé, "Ṣé o ti tì í?" Mo ní mo ti tì í.

Kí lẹ ń wá lábẹ́ tánkì yẹn? Táàpù epo? Ta ló tì í?

Yéè! Mo gbé! Òórùn epo ló ń dà mí láàmú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lánàá, mo bẹ̀rẹ̀, mo ti táàpù pa. Òun ń bi mí bóyá mo ti ti alùpùpù wọlé, èmi ń sọ ti táàpù! Ẹ ṣí táàpù ọ̀hún, ẹ ta á nípàá ẹ jẹ́ n gbọ́... Ó dún! Ó dún o! Hà hà hà! Mo tì í, mo tún ń tì í kiri àdúgbò, ojú ló wá ń tì mí yìí!

Ẹ dákẹ́, ìró bàtà ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má tú mi fó. Tó bá bi yín, ẹ ní ṣéènì ni.